Wọ́n Ní Kí N Má Gbálẹ̀

Ìyá mi àtàtà,

Ara mi le ní Manila níbí, ẹ má fòyà. Wọ́n ní òtútù ló mú Ọ̀gá mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn ní Ààrẹ. Wọ́n ti gba fóònù gbogbo wa, wọ́n ní nítorí ààbò ni. Ẹni tó ń tún ọgbà ṣe ló máa bá mi mú lẹ́tà yìí jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú ìgbálẹ̀, ni ìyá Ọ̀gá bá já a gbà.

"Ludivina, ta ló ní kó o gbálẹ̀?"

"Màmá, ilẹ̀ ti dọ̀tí."

"Jẹ́ kó dọ̀tí!"

Bí ẹ ṣe já a gbà lọ́wọ́ mi náà nìyẹn, nígbà tí òkú Bàbá àgbà wà ní pálọ̀ wa. Èmi ò sọ nǹkan kan o.

Lánàá, Quiambao wá, ọ̀tá wọn tó wọlé ìbò igbákejì Ààrẹ tí wọ́n dì lọ́tọ̀, tí òfin ní kó gorí àga tí Ọ̀gá ò bá sí. Màdáámù, ìyàwó Ọ̀gá, tó máa ń pè é ní olè, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọfí fún un. "Ẹ ṣáà fi ọmọ mi ṣe mínísítà," ló ń bẹ̀ ẹ́, "lẹ́yìn náà la máa kéde."

Kí wọ́n kéde kí ni? Òtútù?

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tí wọ́n bá ti ṣí géètì, mo ń bọ̀. Àmọ́ màá kọ́kọ́ yà sí ibòmíràn, bí àwọn tó ń ti ibi òkú bọ̀ ṣe máa ń ṣe, kí Ọ̀gá má bàa tẹ̀ lé mi wọlé.

Ọmọ yín,
Ludivina