Ọ̀nà Kànga Bríde Kò Ní Dí: Ìgbésí Ayé Màmá Attracta Feerick, 1938–2024

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èrèlé ọdún 1938, ọjọ́ àjọ̀dún Bríde, ẹni mímọ́ obìnrin ilẹ̀ wa, gan-an, nígbà tí òtútù ń palẹ̀ mọ́ tí ọmú àwọn àgùntàn sì ń kún fún wàrà, ni a bí Màmá wa, Attracta Feerick, sí abúlé Cloonabrack ní agbègbè Roscommon. Thady Cummiskey, olóko kékeré, ni baba wọn; Winifred ni ìyá wọn. Gbogbo ènìyàn rò pé Bridget, tí í ṣe orúkọ Bríde kan náà, ni ọmọ náà yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n Bridget mẹ́ta ti wà nínú ilé ọ̀hún. Thady ní bí òun bá tún fi ọ̀kan kún un, mẹ́rin ni yóò máa dáhùn, kò sì ní sí èyí tí yóò lọ fún wàrà màlúù. Bí wọ́n ṣe di Attracta nìyẹn.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ abúlé ní 1943, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ ní 1952 nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀. Lórí ibùsùn yẹn ni Winifred ti fi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Bríde lé wọn lọ́wọ́: bí a ṣe ń fa koríko àbàtà, bí a ṣe ń hun ún ní àgbélébùú tí a ó fi kọ́ sókè ilẹ̀kùn, àti aṣọ tí a ń tẹ́ sórí igi ọgbà kí Bríde lè fọwọ́ kàn án bó bá ń kọjá. Aṣọ yẹn la fi ń di orí tó bá ń fọ́ni títí ọdún yóò fi yí po.

Ní 1961, wọ́n fẹ́ Malachy Feerick, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wọn, Malachy fi dòjé gé koríko náà. Gbogbo ọmọ Cloonabrack ló mọ̀ pé fífà là ń fà á, irin kì í kàn án. Màmá kó gbogbo rẹ̀ dà sílé màlúù.

“Malachy, ṣé irun ni Bríde ní kí o wá bá òun gẹ̀ ni? Padà lọ, kí o fi ọwọ́ fà á.”

“Òjò ń rọ̀ o, Attracta.”

“Òun náà ló ń rọ̀ sórí koríko, koríko ò sì ráhùn.”

Malachy padà sínú òjò. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ kí Malachy tó ṣaláìsí ní 1998.

Iṣẹ́ Màmá ni ìgbẹ̀bí àgùntàn. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi ṣe é, fún ara wọn àti fún ará àdúgbò. Bí ọmọ àgùntàn bá dábùú nínú ìyá rẹ̀, àwọn là ń sáré lọ pè. Wọn kì í béèrè ẹni tó ni ín kí wọ́n tó wọ bàtà.

Onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọn kì í pa Máàsì jẹ. Nígbà tí fádà kan dé ní 1974, tó ní àṣà kèfèrí ni ti aṣọ orí ọgbà, Màmá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Fádà, Bríde ti wà níbí kí ẹ tó dé. Yóò ṣì wà níbí lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù bá gbé yín lọ síbòmíràn.”

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, bíṣọ́ọ̀bù gbé e lọ.

Wàyí o, a ti dé ibi tó ń ká wa lára, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kànga Bríde wà nínú oko ńlá tó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba ibẹ̀ kọjá, ó ti wà kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, gbogbo abúlé ló sì ń rìn ín lọ mu omi kànga ní ọjọ́ Bríde. Ní 2018, Ọ̀gbẹ́ni Desmond Tarpey ra oko náà. Ó ri géètì irin mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì fi àgádágodo tì í. Nígbà tí ọjọ́ Bríde pé, Màmá wa, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, gun géètì náà níṣojú rẹ̀.

“Màmá Feerick, ẹ máa ṣubú o! Ihò omi tí màlúù ń mu lẹ ń torí ẹ̀ gun irin!”

“Desmond, màlúù yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ. Bá mi di ọ̀pá ìtilẹ̀ mi yìí mú.”

Ó sì bá wọn dì í mú.

Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló tẹ̀lé wọn lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, ó ku mẹ́rin. Láti 2021, Màmá nìkan ni. Níbo lẹ wà? Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì là ń bi. Omi kànga yẹn ni ìyá yín fi ń fọ ojú yín nígbà tí ojú ń dùn yín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ẹ kò fẹ́ bá aládùúgbò jà. Àgbà kún ọjà, orí ọmọ tuntun sì wọ́! A kò yọ ara wa sílẹ̀. Colman, àkọ́bí wọn, ló ní kí wọ́n fi géètì sílẹ̀ kí wọ́n máa yáná nílé. Ojú ń tì í bí a ti ń kọ èyí.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, lọ́yà Ọ̀gbẹ́ni Tarpey kọ lẹ́tà sí ilé wa. Ó ní arúgbó kan ṣoṣo ló kù tó ń rin ọ̀nà náà; bí arúgbó náà bá ti dáwọ́ dúró, kò sí ọ̀nà mọ́. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ikú mi ni wọ́n ń dúró dè, Úna,” ni wọ́n sọ fún àbíkẹ́yìn wọn. “Ó dáa. Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ gbé mi gba ibẹ̀.”

Nítorí àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọ̀nà tí a bá ti gbé òkú gbà, kò sí ẹni tó tún lè dí i. Lọ́yà tiwa ní òfin kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa mọ̀ ọ́n.

Màmá dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, lórí ibùsùn wọn, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Tarpey wá kí wa nílé ọ̀fọ̀. Ó jókòó, ó mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì, ó ní ènìyàn àtàtà ni wọ́n. Úna wá bi í bóyá yóò ṣí géètì fún pósí.

“Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa òkú àti ọ̀nà,” ni Tarpey fèsì.

“Ẹ gbà á gbọ́ ni?”

“Èmi kẹ̀? Ìsọkúsọ àwọn arúgbó!”

“Ẹ ṣí i nígbà náà.”

Kò mu tíì rẹ̀ tán tó fi dìde.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni Colman, Dympna àti Úna, ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan, Fiadh, tí kò tíì mọ ìrìn.

Lẹ́yìn Máàsì òní, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Bríde, ọkọ̀ òkú yóò gba títì lọ ní òfìfo. Èjìká wa ni Màmá yóò gùn lọ sí itẹ́. Bí géètì bá ṣí, a dúpẹ́. Bí ó bá tì, a ó gbé wọn gorí rẹ̀ kọjá. Ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹ wọ bàtà òjò. Ẹni tó bá fẹ́ gba títì, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, a ó kàn mọ̀ ọ́n ni. Kí Ọ̀gbẹ́ni Tarpey náà dúró sẹ́nu géètì, kí ó ka iye arúgbó tó ń rìn ín.

Ẹ sinmi ire, Màmá. Ẹ máa lọ níwájú, a ti wà lẹ́yìn yín.