Lẹ́tà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Akínyẹlé Kò Fi Jíṣẹ́

Èmi, Olúrẹ̀mí Àbẹ̀kẹ́ Jayéọlá, opó, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí mo ń gbé ní Uwasota nílùú Benin, ni mo ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ń ríran, etí mi sì ń gbọ́ràn, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré nínú ìdílé ìyá mi. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo ti pa á rẹ́.

Àwọn tí mo yàn ní alámòójútó ìwé yìí ni Lọ́yà Adékọ́lá Akíntẹ́rinwá, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Sapele Road, àti Dókítà Adébùkọ́lá Fágbèmí, olùkọ́ ní yunifásítì kan nílùú yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹkún tàbí oyè ìjọ yí yín lọ́kàn padà.

ÌPÍN KÌÍNÍ: Ilé mi oníyàrá mẹ́rin ní Uwasota, mo fi í fún àbúrò mi obìnrin, Títílọpẹ́, kí ó máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ilé náà di ti Tinúadé, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá Tinúadé ni Iredélé, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ìdí tí n kò fi fi ilé fún ọmọ tí mo bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1967, ní Òkìtìpupa, ikọ́ burúkú mú Títílọpẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ sitirẹpitomáísìn lójoojúmọ́ fún oṣù méjì. Ikọ́ lọ, etí rẹ̀ sì bá ikọ́ lọ. Ọmọ tí ó máa ń kọrin ju gbogbo wa lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu wa kí ó tó mọ ohun tí a ń sọ. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ti di adití bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Àwọn ará ilé bàbá mi ka méjèèjì pọ̀, wọ́n ní Èyímofẹ́, ìyá mi, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń ta etí ọmọ fún ẹgbẹ́ àjẹ́. Bàbá mi, tíṣà tí ó kàwé, jókòó síbẹ̀, wọn kò gbèjà rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni a kó ẹrù ìyá mi síta.

Ìyá mi kó àwa ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi àti Títílọpẹ́, wá sí Benin. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Upper Sakponba, wọ́n fi ọdún mọ́kàndínlógójì ta ẹja gbígbẹ níbẹ̀, wọ́n sì ra ṣọ́ọ̀bù náà nígbẹ̀yìn. Ní 2006 ni wọ́n kú. Nígbà mìíràn, bí a bá jókòó, wọ́n á bi mí pé, "Olúrẹ̀mí, àbí ojú oorun ni mo ti ṣe é, tí èmi fúnra mi kò mọ̀?" Inú ìbéèrè yẹn ń bí mi títí di òní. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni a fi sínú irú èrò bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

ÌPÍN KEJÌ: Ìwé àkọsílẹ̀ mi aláwọ̀ búlúù, tí orúkọ ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta wà nínú rẹ̀, di ti Iredélé. Maikirosíkóòpù mi di ti Dókítà Adébùkọ́lá.

Adébùkọ́lá ló là mí lójú. Ìjọ kan náà ni a jọ ń lọ. Ní 2011, mo sọ ọ̀rọ̀ etí ìdílé wa fún un lẹ́yìn ìsìn, ó sì bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ìyá mi rí: "Màmá, àwọn tó di adití yẹn, ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀?"

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá èsì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi, ní etídò Ìlàjẹ, nítòsí Igbókọ̀dá. Ọmọbìnrin márùn-ún ni wọ́n bí. Ìyá mi wá sí Benin, ọ̀kan lọ sí Ṣápẹ́lẹ̀, ọ̀kan lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan bá ọkọ rẹ̀ apẹja lọ sí Kùtọnú, àbíkẹ́yìn wọn sì lọ sí etí òkun Kamẹrúùnù. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo jókòó ti àwọn arúgbó, mo ń kọ orúkọ. Ibi tí n kò lè dé, mo bi àwọn tí ó ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn ìyá àgbà méjì sọ fún mi pé ìyá ìyá ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ìlàjẹ rárá. Wọ́n ní etí Odò Benin ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé wọn wá sílé ọkọ. N kò lè búra sí i, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Adití mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé náà nígbà yẹn. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gba sitirẹpitomáísìn tàbí jẹntamáísìn kí etí wọn tó kú. Adébùkọ́lá gba itọ́ ẹnu àwa mọ́kànlá, ó fi í ránṣẹ́ sí lábù kan lókè òkun. Ní 2016, èsì dé. Àmì kan náà ló wà nínú ara gbogbo wa. Àmì náà kì í dá ṣe wá ní nǹkan. Ìgbà tí irú abẹ́rẹ́ wọ̀nyí bá bá a pàdé ni etí ń kú. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń gbà á. Ọkùnrin lè ní i lára, ṣùgbọ́n kò lè fi í fún ọmọ rẹ̀.

Gbogbo àjẹ́ tí wọ́n rí lára ìyá mi kò ju ìyẹn lọ. Mo lọ sí itẹ́ òkú, mo ka èsì náà sókè fún wọn níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń gé koríko dúró, ó ń wò mí.

ÌPÍN KẸTA: Ewúrẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ti aládùúgbò mi, Ìyá Osaretin. Nígbà tí egungun ìbàdí mi ṣẹ́ ní 2017, òun ló ń fún wọn ní èèpo iṣu, òun náà ló ń wẹ̀ mí. Ọmọ Edo ni, kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà sì ń sọ Edo ní ìsọkúsọ. Ẹni tí a bí mọ́ mi kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún mi.

ÌPÍN KẸRIN: Èyí kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Akínyẹlé, olóyè ìjọ. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, n kò pè é ní "wọ́n". Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Lẹ́yìn tí èsì dé, mo fẹnu ara mi sọ fún àwọn tí ó wà ní Benin. Fún àwọn obìnrin ìdílé wa tí ó wà lọ́nà jíjìn, mo kọ lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n gbàgbé. Mo fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lè fi han dókítà kí ó tó gún ọmọ wọn. Mo fi òwú pupa di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìpàdé ìdílé wà ní Igbókọ̀dá ní Kérésìmesì 2017, èmi sì wà lórí ibùsùn. Mo kó wọn fún Akínyẹlé. Ó dé, ó ní, "Mo ti pín gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní kí n kí ẹ." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lórí ìbàdí tí kò tíì jinná.

Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ọkàn mi fi balẹ̀.

Ní 2021, Iredélé àti ọkọ rẹ̀ kó láti Ṣápẹ́lẹ̀ wá sí Benin. Ara Tinúadé gbóná, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá rẹ̀ mú un wá kí mi. Mo bi ọmọ náà ní Yorùbá bóyá ó ti jẹun. Ó máa ń gbọ́ Yorùbá, Pijin ló fi ń dáhùn. Ó wo ẹnu mi, ó ní, "Mama, talk am again." Mo tún un sọ. Ó tún ní, "Talk am again." Iredélé rò pé àfojúdi ni, ó gbé ọwọ́ sókè láti nà án. Mo di ọwọ́ náà mú.

"Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún un?"

"Jẹntamáísìn ni wọ́n pè é."

"Iredélé, ṣé o kò ka lẹ́tà mi ni?"

"Lẹ́tà wo, Màmá?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wọ takisí lọ sí ilé Akínyẹlé. N kò jókòó. Ó wo ojú mi, ó lọ ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Kò tú òwú mi.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ sọ pé ẹ ti pín wọn."

Ó ní, "Olúrẹ̀mí, ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nílé mi nígbà yẹn. Ta ló máa wá fẹ́ ìyàwó nínú ìdílé adití?"

Ẹ̀yin alámòójútó, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọkùnrin ni Akínyẹlé. Àmì náà kò lè ti ara rẹ̀ dé ara ọmọ rẹ̀ kankan. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ó torí wọn ṣe é kò fìgbà kan wà nínú ewu, kò sì sí ohun tí ọkọ ẹnikẹ́ni ìbá fi kọ̀ wọ́n. Mo kọ ọ́ sí ìlà kejì lẹ́tà náà. Kò ka ẹyọ kan.

Nítorí náà, n kò fún un ní ilé, n kò fún un ní ilẹ̀, n kò fún un ní aṣọ. Mo fún un ní lẹ́tà tí ó jẹ́ ti Iredélé, èyí tí Iredélé ti kà tí ó sì dá padà fún mi. Kí Lọ́yà Adékọ́lá fi lé e lọ́wọ́, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi kà á tán. Kò gbọdọ̀ gbàdúrà níbi ìsìnkú mi, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa mi. Bí ó bá fẹ́ wá, kí ó jókòó sẹ́yìn.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: Ilẹ̀ mi ní Òkìtìpupa àti mọ́tò mi di ti ọmọ mi kan ṣoṣo, Ọlálékan. Ọlálékan, o ní àmì náà lára, má gba abẹ́rẹ́ yẹn láé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé n kò ní fún un ní ilé, ó ní, "Màámi, ẹ fún ọmọ yẹn. Òun ló tọ́ sí." N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí a lè yin ọmọ mi. Mo kọ ọ́ kí Akínyẹlé lè gbọ́ ọ.

Títílọpẹ́ ti kọ́ Tinúadé láti fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí fàrándà mi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á wò mí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí etí mi pé ni n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

ÌPÍN KẸFÀ: Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Upper Sakponba, kí a má tà á, kí a má pín in. Owó háyà rẹ̀ ni kí ẹ fi parí iṣẹ́ tí ó kù.

Láti 2021 ni èmi pẹ̀lú ọ̀pá mi, àti Títílọpẹ́ tí kò gbọ́ràn, ti ń gbé àwọn lẹ́tà náà kiri fúnra wa. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti dé ọwọ́ àwọn tí ó ni ín. Nínú wọn ni mo ti bá àwọn obìnrin méjì tí etí ọmọ wọn kú nígbà tí lẹ́tà wọn wà nínú dúrọ́ọ̀. Èyí tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́ bi mí pé, "Ẹ mọ̀, ẹ kò sì wá?" Mo fi lẹ́tà rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ó ku mẹ́rin: Olúbùnmi àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, Fẹ́yìṣayọ̀ àti Arámidé, tí wọ́n ní wọ́n ti kúrò ní Kùtọnú, àti Adúnọlá, tí a gbọ́ gbẹ̀yìn pé ó wà ní Kamẹrúùnù, tí ó sì lóyún. Ẹ wá wọn. Ẹ bi àwọn apẹja, ẹ bi àwọn ìjọ, ẹ rán ènìyàn tí ó máa dé ibẹ̀ ní tòótọ́. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ má kọ́kọ́ sọ fún wọn pé mo ti kú. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sí ìwé yìí ní Uwasota, nílùú Benin, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀. Àwọn náà fọwọ́ sí i lójú mi. Kò sí ohun tí mo hágún fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Olúrẹ̀mí Àbẹ̀kẹ́ Jayéọlá

Ẹlẹ́rìí kìíní: Olúwatóbilọ́ba Akíngbadé, nọ́ọ̀sì, Uwasota

Ẹlẹ́rìí kejì: Dayọ̀ Fálọdún, tíṣà, Upper Sakponba