Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣe Nǹkan Kan

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá wa ti fúyẹ́ díẹ̀, oògùn tí ẹ rà sílẹ̀ fún wọn ṣì kù. Òrùlé ilé ìdáná ò jò mọ́.

Ìkíni tó gẹ́ẹ́. Inú ń bí mi!

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí bàbá wa fi ń tún rédíò ṣe, tí mo ti ń tún ṣe bọ̀ látìgbà tí wọ́n ti kú, ta ló ní kí ẹ tàn án? Mo sọ fún yín pé ẹ̀rọ tó ti sùn pẹ́ báyìí, díẹ̀díẹ̀ la ń fún un níná. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Àṣé ẹ fẹ́ fi ṣe fáàrí lójú ọ̀rẹ́ yín! Ẹ ki wáyà bọ ògiri, ó dún gbàù. Inú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ká ní ẹ jẹ́wọ́ ni, ìbínú mi ì bá ti tán. Aṣọ lẹ fi bò ó, ẹ gbé báàgì, ó di pápákọ̀ òfurufú! Ìyá wa gbọ́ ariwo, ẹ ní atẹ́gùn ló gbá ilẹ̀kùn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀. Lánàá, ìyá wa pe káfíńtà. Ó wo ilẹ̀kùn títí, ó ní nǹkan kan ò ṣe é. Ni wọ́n bá kọjú sí mi. Ẹnu mi ò gbà á láti pe ẹ̀gbọ́n mi lópùrọ́ níwájú ìyá tó bí wa. Ẹ pè wọ́n fúnra yín.

Èmi àbúrò yín, tí ẹ ò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.