Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Bàbá Edith Tún Ṣe

Ní Èrúwà, nílé Òjó atukọ̀, ni a bí Olóògbé Láńrewájú Òjó sí ní ọdún 1922. Òjó, bàbá wọn, ló ń fi ọkọ̀ onígi gbé àwọn àgbẹ̀ sọdá Odò Ògùn kí afárá tó dé. Dàda, ìyá wọn, ló ń gbọ́n omi inú rẹ̀. Bàbá wa ka ìwé dé Sítáńdáàdì kejì, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Ní 1949, wọ́n fẹ́ Rebecca, ọmọ abúlé kan ní òdìkejì odò. Ọkọ̀ Òjó náà ló gbé ìyàwó wá. Bàbá ló kan bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Títí dòní, kò sí èyí tó mì.

Nígbà tí afárá dé, ọkọ̀ di ibi tí adìẹ ń yé sí lẹ́yìn ilé. Ní 1988, Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì yí ọkọ̀ náà dojú sókè. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń bi wọ́n pé, "Bàbá Edith, ṣé orí ebè lẹ ó ti tù ú ni?" Bàbá ní, "Ẹ máa gbin ẹ̀gẹ́ yín." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ́ wà níbí lónìí. Ẹ má wolẹ̀. Ẹ̀bi tiwa ju tiyín lọ.

Ọdún méjì ni Bàbá fi gbẹ́ ibi tó jẹrà kúrò, tí wọ́n fi pátákó dí ihò, tí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Wọ́n gbẹ́ àjẹ̀ méjì, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú fún Màmá, torí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn méjèèjì yóò tukọ̀ lọ sí èbúté tí wọ́n ti kọ́kọ́ ríra. Wọ́n dán an wò lódò ní oṣù kọkànlá 1990. Kò jo. Ó ku kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ìbàdàn kí wọ́n sì padà wá.

Wọ́n kìlọ̀ fún wa kí wọ́n tó lọ: "Inú omi ni kẹ́ ẹ fi í sí, lábẹ́ igi etí odò yẹn."

Àgbẹ̀ ni wá. Ohun tí a mọ̀ ni pé omi ní í mú igi jẹrà. A ò bi wọ́n ní ìdí ọ̀rọ̀ wọn. A rò pé oore là ń ṣe. Àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ọkọ̀ wálé, a gbé e sójú oòrùn ọyẹ́, a tún sá láfún sínú rẹ̀. Kí Bàbá tó dé ní oṣù kìíní 1991, oòrùn ti gbẹ ọkọ̀ náà, ó ti là láti imú dé ìdí. Ojú wọn kò tíì là tán, ọwọ́ ni wọ́n fi wá ibi tó là, ọwọ́ náà sì wọlé. Wọ́n bu láfún díẹ̀, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Láfún yín mà funfun," ni wọ́n wí.

Wọn kò bínú. Bí wọ́n bá ti bínú, ì bá sàn fún wa.

Wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Màmá kú ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Bàbá kò sì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́ títí wọ́n fi papòdà ní oṣù kẹta 1996.

Wọ́n fi Edith, Salome àti Babáfẹ́mi sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí a ti ń di àjẹ̀ mú.

Bàbá, a ti to àjẹ̀ méjèèjì sínú pósí. Màmá ń dúró lébùúté. Ẹ fún wọn ní kúkúrú. Kí odò rọ̀ fún yín, kí oòrùn má pa yín, kẹ́ ẹ sì dárí jì wá.