Mi Ò Ní Fi Gbèsè Sílẹ̀ Sá

Ìyá mi,

Mo kí yín láti Atakpamé o. Gàfárù jíṣẹ́ yín fún mi, pé kí n di ẹrù mi wá sí Ìṣẹ́yìn kí àwọn tí mo jẹ lówó má baà rí mi mú. Ẹ dárí jì mí, mi ò ní sá.

Òótọ́ ni pé mo yáwó ra abọ́ tí mò ń tà, tí mo tún yá òmíràn lórí fóònù láti fi san ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ná sínú ìwé. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé owó zémì, ọ̀kadà ibí, ju owó oúnjẹ mi lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Agbonou tí mò ń gbé wá sọ́jà báyìí, ara mi sì le. Gàrí wọn dùn, mò ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sú mi. Ẹ má bi Gàfárù ìdí tí kò fi rí yẹtí wúrà tí ẹ fún mi létí mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ san owó oṣù yìí ní ọ́fíìsì àwọn tó yá mi lówó. Akọ̀wé wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Madámù, ẹ lè yá ìlọ́po méjì báyìí.”

Mo ní, “Rìsíìtì mi ni kí ẹ fún mi. Ó ku oṣù mẹ́rin.”

Ẹ bá mi kí Mùínátù ọmọ mi, kó má retí mi ní Iléyá yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, ẹ ní mo wà ní ìsọ̀ mi, ní gbangba.

Èmi ọmọ yín,
Àmírátù