Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Agbọ́nmi Jí Mi Lójú Oorun

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú àárọ̀, nítorí àárọ̀ ni mo ń kọ ìwé yìí, bó bá wá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀ọ́ bá mi yí i padà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń fi ìka lu tábìlì ṣì ń lù ú? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú nípa rẹ. Àwa náà wà láyé, ìyá rẹ wà láyé, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá a ṣe àríyànjiyàn. Ọkọ̀ ojú omi wa náà wà láyé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó má sí mọ́, ohun tí mo sì tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn, jókòó dáadáa kí o tó máa kà á lọ.

Ẹ̀rọ agbọ́nmi tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Mẹkáníìkì tí gbogbo èbúté ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án ló bá wa gbé e sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, òun àti bátìrì rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń léfòó, pé bí omi bá ti wọ inú ọkọ̀, tí nǹkan yẹn bá ti gbéra, ẹ̀rọ á jí fúnra rẹ̀, á gbọ́n omi náà gba inú rọ́bà jáde, bó bá sì gbọ́n ọn tán, á padà sùn. Mo ní ta ni yóò jí i? Ó ní kò sẹ́nì kankan. Mo ní ta ni yóò wá sọ fún un pé omi ti tán? Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ọmọ mi, ẹnu mi là, kò lè padé. Èmi tí mo ti ń fi igbá gbọ́n omi látìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ nítorí ẹ̀, ohun kan wá wà tí a kì í rán níṣẹ́, tó mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Ẹ̀yin ọmọ mẹ́ta tí mo bí, ẹ má bínú, kò sí ìkankan tó rí bẹ́ẹ̀ nínú yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí i láràárọ̀ kí n tó kí ìyá rẹ, ó sì ti ń fajú ro.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù adójútòfò ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Wọ́n béèrè pé ṣé ọkọ̀ yìí ti rì rí. Ó bí mi nínú díẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ má fẹnu yín pe ibi sí wa o. Wọ́n tún béèrè iye tó tó. Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ bàbá mi tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé la tà ká tó rà á, pé a ò ní ilẹ̀ mìíràn mọ́, pé bó bá lọ pẹ́nrẹ́n, èmi àti ìyá rẹ á kàn máa jókòó wo omi ni. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gbà á, mo kọ ìyókù sẹ́yìn ìwé.

Fóònù tí o rà fún mi ńkọ́? Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ìkùukùu dúdú kan hàn mí, ó ní ìjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti pé omi òkun á kún ju bó ṣe máa ń kún lọ. Mo yọjú síta, oòrùn ń ta gan-an. Mo bẹ fóònù náà pé kó jọ̀ọ́ sún un sí ọjọ́ Àìkú, nítorí èrò tí à ń fi ọkọ̀ gbé máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Agogo mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ náà ló ń tẹnu mọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ lóòótọ́, aago mẹ́ta kò tíì lù tí ojú ọ̀run fi ṣú. Mo wo òkè, mo wo fóònù, mo ṣí fìlà mi fún un.

O mọ̀ pé nígbà tí a ṣì ń lo ọkọ̀ àjẹ̀, bí ìjì bá ń bọ̀, a kàn máa ń wọ́ ọ gun iyanrìn ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹlẹ́ńjìnnì yìí wúwo, inú omi ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté oníkọnkéré, òjò àkọ́kọ́ tí òun àti èmi á jọ rí sì nìyí. Mo so táyà àlòkù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má baà máa forí gbá kọnkéré. Mo wá fi okùn mẹ́rin dè é mọ́ òpó, mo fà á títí okùn fi ń ké, mo ní ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn, ṣe là ń dì í mú ṣinṣin. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ń kọjá lọ, ó ní kí n dẹ okùn náà díẹ̀. Mo ní kó máa lọ sílé kí òjò tó bá a lọ́nà.

Ìgbà yẹn ni ojú mi wá lọ sára ẹ̀rọ agbọ́nmi. Òjò ń bọ̀, nǹkan olówó iyebíye tó ti ìlú ńlá wá sì wà nínú ọkọ̀, kò bo orí! Mo ní ọmọ mi á sọ pé n ò mọ nǹkan tọ́jú. Mo tú u, òun àti bátìrì àti rọ́bà rẹ̀, láìyọ wáyà wọn, mo gbé e relé, mo fi aṣọ nù ún gbẹ, mo gbé e sínú abọ́ ńlá kan tí ìyá rẹ máa ń gbé sí igun yàrá lásìkò òjò, n ò ronú ìdí tó fi máa ń gbé e síbẹ̀. Mo wá fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí ìjì ṣe ń jà níta, ọkàn mi balẹ̀, mo sùn lọ.

Ọmọ mi, ibi tí òrùlé ti ń jò ni abọ́ yẹn wà. Mo kàn gbọ́ vùùù, omi tútù bò mí lójú. Mo fò dìde, mo rò pé òkun ti wọlé. Àṣé ẹ̀rọ ti jí, ó ń gbọ́n omi inú abọ́, ẹnu rọ́bà sì kọjú sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mi ò purọ́. Ìyá rẹ sáré wọlé, ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé bí èyí bá wà níbí tó ń mọ̀ pé omi ti wọ yàrá, ta ló wà nínú ọkọ̀ tí á mọ̀ tíbẹ̀?

A sáré, àní orúnkún rẹ̀ gbàgbé pé ó ń dun òun. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo èbúté. Gbogbo ọkọ̀ ẹlòmíì ti gbéra sókè, wọ́n ń mì lórí omi, tiwa nìkan ló tẹrí ba, omi ń gbé e, okùn mi ń fà á sílẹ̀, ìgbì sì ń gorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo bẹ́ sínú ẹ̀, mo ń fi igbá gbọ́n omi, bí mo bá da ẹyọ kan jáde, mẹ́wàá á wọlé. Ìyá rẹ ń pariwo pé kí n dẹ okùn. Mo ní láéláé, òkun á gbé e lọ. Ó ní èmi gan-an ni mò ń rì í. Kí n tó dáhùn, ó ti já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja kan, ó gé okùn kan, ó gé èkejì.

N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó wá dìde. Pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, pẹ̀lú èmi, omi rọra gbé gbogbo wa sókè títí mo fi ń wo orí ìyá rẹ láti òkè. Ogójì ọdún ni mo ti wà lórí omi, n ò mọ̀ pé ó lágbára tó báyẹn, n ò sì mọ̀ pé ó ní sùúrù tó báyẹn. Mo sunkún níbẹ̀. Má-Fọwọ́-Kàn-Án dé, ó dẹ okùn méjì tó kù, ó fi wọ́n sílẹ̀ gbọọrọ, ó wá béèrè ẹ̀rọ agbọ́nmi. Ojú tì mí. Ìyá rẹ ló bá mi dáhùn pé ó wà nílé, pé òjò kò pa á.

Láti ìgbà náà, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ wò ó. Bí omi bá kún, á gòkè, bí omi bá fà, á sọ̀ kalẹ̀, okùn ò le, ọkọ̀ ò sì lọ síbì kankan.

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ ṣe ní òkè òkun, tí mo sọ lórí fóònù pé o ò gbọdọ̀ gbà, gbà á, máa lọ. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi náà ti gbà.

Jọ̀ọ́, fi owó okùn ránṣẹ́, èyí tó gùn dáadáa, àti owó ọ̀bẹ ẹlẹ́ja, ó ní okùn wa ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Má fi ti òrùlé sí i, ibi tó ń jò yẹn, a ti fi í sílẹ̀ kó máa jò, òun ló jẹ́ ká rántí ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Látìgbà tí o ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ ni mo ti ń gba àdúrà yìí fún ọ, n ò sì kíyè sí i rí pé kò sẹ́ni tó so ojú oró mọ́ òpó. Omi yòówù kó kún, wàá lékè rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.