Ẹni tí yóò bá mi na ẹsẹ̀

Ìlaròó, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Olówó orí mi, dókítà ní àwọn purotéènì tó so ìrọ̀rí àárín egungun orúnkún mi pọ̀ ti ń já bí okùn ẹní. Ìdí nìyẹn tí egungun fi ń ha egungun.

Bákan náà ni ti Ìyá Síkírù, aládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n ọkọ tirẹ̀ bá a wá sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí a kúnlẹ̀ kí màmá àgbà kan, ọkọ Ìyá Síkírù fà á dìde: "Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, rọra o!" Àga ni èmi dì mú. Owú yẹn dùn mí ju orúnkún lọ.

Dókítà ní kí n máa na ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ kí orúnkún má baà le, ó sì bi mí pé, "Màmá, ta ni yóò máa bá yín na ẹsẹ̀ nílé?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

Ìyá Síkírù, tó bá mi sunkún lọ́jọ́ tí a sin yín, rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.